Àgò Tí Kò Tètè Dé

Ọkùnrin tí Ọmọ́wùmí yóò fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yìnbọn pa á.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, inú fóònù ni. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Ọmọ́wùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tilẹ̀ tíì tú gèlè. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ń gbá géèmù tuntun kan tí gbogbo ẹnu ń sọ. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ni àwọn tó ṣe é fún un, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ Okokomaiko ò ráyè orúkọ gígùn. Wọlé-wá-kú ni wọ́n ń pè é. Géèmù náà ò tíì parí, àwọn tó ń ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò kó gbé àwo wá. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ó fẹ́ jọ ogun gidi. Ọta ìbọn kan ti tó láti gbẹ̀mí èèyàn. Kò sí orúkọ tó ń léfòó lórí ẹnikẹ́ni, kò sí àmì kankan tí yóò sọ fún ọ pé ará ilé rèé, ọ̀tá rèé. Etí rẹ àti ẹnu rẹ lo máa fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ́wùmí sá pamọ́ sínú yàrá kan nínú ogun náà. Ìlẹ̀kùn ṣí gbàà, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọlé. Ọmọ́wùmí kò bèèrè nǹkan kan, ó yìn ín.

"Yéè! Àǹtí, ará ilé ni mí o!" Ohùn ọkùnrin kan pariwo sí i létí.

"Ará ilé wo?" Inú ti bí Ọmọ́wùmí. "Ta ní ń já wọlé onílé láìkágò?"

"Nínú ogun? Kí n kágò nínú ogun?"

"Kágò! Àbí kò sẹ́ni tó tọ́ ẹ nílé ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó jinlẹ̀, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí Ọmọ́wùmí fi tú gèlè rẹ̀ láìmọ ìgbà tó tú u.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn, Ọmọ́wùmí tún wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kan. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn ọkùnrin ẹ̀ẹ̀kan náà wá dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi ti ọkọ ìyàwó tó wá kí àwọn àna rẹ̀.

"Àgò onílé o."

Kó tó rò ó, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn. "Àgò yà."

Bó ṣe di àṣà nínú tíìmù wọn nìyẹn. Kí o tó wọ yàrá, kágò. Ẹni tí kò bá kágò, yìn ín. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n wá láti ilẹ̀ ibòmíràn ò mọ ohun tí wọ́n ń wí, wọ́n kàn ń kú bí eṣinṣin ni. Àtàndá lorúkọ ọkùnrin náà. Okokomaiko ló ń gbé, gígun ọ̀kadà ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé bàbá Ọmọ́wùmí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé Ọmọ́wùmí kì í gbá géèmù láti fi pa àsìkò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń ṣe fídíò lédè Yorùbá, ó pè é ní Ṣé Ó Tó Gbá? Yóò gbá géèmù tuntun títí yóò fi mọ inú rẹ̀ mọ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wá jókòó síwájú fóònù, yóò sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó ṣe máa ń parí rẹ̀ ni kó ní, "Ẹ gbà á," tàbí kó ní, "Ẹ fi sílẹ̀." Àwọn tó ń wò ó kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọmọ yunifásítì ni wọ́n, fọganáísà, awakọ̀ Márúwá tó ń dúró de èrò, àwọn tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà. Tó bá parọ́ fún wọn, ẹnu wọn ló gba oúnjẹ kúrò.

Ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́bàá Ìyànà Ìbà ni òun àti Àtàndá ti kọ́kọ́ rí ara wọn lójúkojú. Ọmọ́wùmí mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà kó má baà dà bí ẹni tó ń retí ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ṣíbí ro áísìkìrímù tó ti yọ́ tán. Tó bá jẹ́ arúgbó ńkọ́? Tó bá níyàwó ńkọ́?

"Àgò," ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Ọ̀dọ́kùnrin dúdú kan ni, ó wọ búbá àdìrẹ, ó gbé fóònù olówó ńlá kan lọ́wọ́. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, èjì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí ni Ọmọ́wùmí ti ń fojú inú ya àwòrán rẹ̀, àmọ́ kò rántí fi èjì sí i.

"Ta ló dá ẹ lóhùn tó o fi wọlé?"

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Ẹnu ọ̀nà náà ni mo ṣì wà. Ọwọ́ ẹ ni ìbọn wà."

"Jókòó jọ̀ọ́, kí wọ́n má baà rò pé orí ẹ ò pé."

Ó jókòó, àmọ́ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní nǹkan kan wà tí òun gbọ́dọ̀ sọ. "Àwọn tó ń ṣe Wọlé-wá-kú, iṣẹ́ wọn ni mò ń ṣe. Èmi ni mò ń kó àwọn tó ń gbá a jọ láti Ọ̀jọ́ títí dé Badagry."

Ojú Ọmọ́wùmí kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí kí n lè yin géèmù yín lo ṣe wá mi wá."

"Torí ìbọn tó o yìn mí ni mo ṣe wá." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ní ti géèmù yẹn, Wùmí, ohun tójú ẹ bá rí ni kẹ́nu ẹ sọ. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ láéláé pé kó o gbè mí."

Ó gbà á gbọ́. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá rí ojú tó fi sọ ọ́, ẹ ó gbà á gbọ́.

Oṣù ń gorí oṣù, ìfẹ́ náà ń ta gbòǹgbò, ó wá di dandan kí ọ̀rọ̀ dé etí bàbá Ọmọ́wùmí. Bàbá Abọ́dúnrìn ni wọ́n ń pè é, ọmọ bíbí Ìbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọbìnrin kan yìí náà ló fi sílẹ̀ fún un. Bàbá jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Níbo lẹ ti pàdé?"

"Nínú géèmù ni, Dádì."

"Kí lẹ ń ṣe nínú géèmù ọ̀hún?"

"À ń... à ń yìnbọn ni, sà."

"Ẹ̀ ń yìnbọn. Ta ni ìwọ yìn?"

Ọmọ́wùmí wo ilẹ̀. "Òun náà ni, sà."

Bàbá fi awò ojú sí i padà láti rí i dáadáa. "Èmi àti ìyá ẹ, ẹgbẹ́ akọrin la ti pàdé. Kò yìnbọn lù mí. Ọmọ́wùmí, mi ò fẹ́ àna tí wọ́n ti pa kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Bó ṣe di pé Àǹtí Sherifat wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Àjàǹgbádì, àwọn ló ń ránṣọ fún ilé méjèèjì. Wọ́n ní àwọn tí àwọn mọ ìwọ̀n ìbàdí wọn, àwọn ò lè ṣàìmọ ìwọ̀n ọkàn wọn. Wọ́n di alárinà. Lónìí wọ́n á wà ní Ìbà, lọ́la wọ́n á wà ní Okokomaiko, teepu ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn.

Ìyá Àtàndá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rín mú. Màmá Fẹ́yìsetán ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ìyá ìjọ ni wọ́n ní ìjọ aláṣọ funfun kan, ohùn wọn sì nípọn bí àgogo ìsìn. Wọ́n ní àwọn ò gba ìyàwó láìṣe ìwádìí. Ṣé wèrè wà nílé wọn? Ṣé olè ni wọ́n? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ó bá tọmọ àwọn mu? "Ẹ sọ fún wọn," Màmá wí fún Àǹtí Sherifat, "ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ fún mi lónìí, òun ni yóò bímọ fún mi lọ́la."

Inú bí Bàbá Abọ́dúnrìn nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ náà, àmọ́ ó dáhùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Adéfúnkẹ́, wàrápá ló bá a jà títí tó fi kú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìbà ti kú tán, kò sẹ́ni tí ìbá tú u síta.

Ẹnu ya Àǹtí Sherifat. "Bàbá, ṣé kí n sọ ìyẹn fún wọn?"

"Sọ ọ́. Ẹni tó bá máa sá, kó tètè sá."

Màmá Fẹ́yìsetán gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹni tó lè la ẹnu sọ èyí, kò ní tàn mí jẹ. Ẹ mú ọjọ́." Bàbá náà rọ̀. Wọ́n mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọmọ́wùmí jó yípo yàrá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ayé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣí Wọlé-wá-kú sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Gbogbo èèyàn ń dúró de ẹnu Ọmọ́wùmí. Òun náà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, "Ẹ gbà á" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ràn géèmù náà dénú eegun. Àfi bí Dámilárá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Okokomaiko, ṣe fi fóònù lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbínú.

"Wùmí, gbà, gbá a fúnra ẹ. Mò ń kágò títí, àwọn ará ilé mi náà ló ń pa mí."

Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni ti Dámilárá, irú tí gbogbo èèyàn ń lò láti Ìbà dé Ìjanikin. Fóònù ńlá tí ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà yá Ọmọ́wùmí láti fi dán an wò ni òun ti ń fi gbá a láti ọjọ́ yìí. Ó jókòó sẹ́yìn káńtà, ó wọ inú ogun lọ, Dámilárá sì mú fóònù ńlá náà, ó lọ dúró sínú yàrá kan nínú ogun náà dè é. Ọmọ́wùmí dé ẹnu ọ̀nà. Ó kágò, ó dúró díẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Dámilárá yìn ín lójú ẹsẹ̀.

"O ò ṣe dáhùn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan!" Dámilárá na fóònù ńlá náà sí i. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ, láti ẹnu òkú tó nà gbalaja sílẹ̀ lójú fóònù, ohùn Ọmọ́wùmí fúnra rẹ̀, "Àgò onílé o."

Òkú ló ń kágò.

Wọ́n gbá a títí ìrọ̀lẹ́ fi lé, fóònù náà gbóná bí ìkòkò, bátìrì kú, wọ́n fi í sí iná, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ohùn máa ń tètè dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ikú ló ń dé. Bẹ́ẹ̀, géèmù tó ní kó o fi ohùn mọ ará ilé rẹ ni o.

Lọ́jọ́ kejì ó ṣe fídíò rẹ̀. Kò bú wọn, àmọ́ kò fi epo sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn sí géèmù yìí. Òjò rẹ̀ ń rọ̀ sórí páànù bí òjò Ìbà. Ìbọn rẹ̀ wúwo, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí dé inú egungun. Tó bá jẹ́ pé fóònù ńlá lẹ ní, ẹ gbà á, ẹ gbádùn. Àmọ́ mélòó nínú yín ló ní in? Lórí fóònù tiwa, ẹ ó kágò, wọn á pa yín, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbọ́ yín. Wọ́n sọ pé àwọn ò tíì parí ẹ̀, òótọ́ ni. Wọn ò sọ ibi tí kò tíì parí fún wa. Ilé tí wọn ò tíì kan ìlẹ̀kùn sí, wọ́n ti ń ta ọ̀ṣọ́ ìlẹ̀kùn fún wa. Ó bí mi nínú. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí àgò bá dé kí ìbọn tó dún, èmi fúnra mi máa padà wá sọ fún yín."

Fídíò náà ràn bí iná ọyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti dé gbogbo fóònù tó wà l'Ọ̀jọ́.

Ọjọ́rú ni Àǹtí Sherifat dé. Wọn ò wọ teepu sọ́rùn. Wọ́n jókòó sétí àga bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.

"Wùmí ọmọ mi. Màmá ló rán mi. Wọ́n ní kó o yọ fídíò yẹn kúrò."

"Fídíò wo, Àǹtí?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, o mọ èyí tí mò ń wí. Ọ̀gá Àtàndá ti fìbínú pè é. Wọ́n ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń ba ọjà àwọn jẹ́. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Màmá ní obìnrin tó ba iṣẹ́ ọkọ jẹ́ kó tó wọlé, tó bá wọlé tán ńkọ́? Wọ́n ní tí fídíò yẹn bá wà níbẹ̀ títí di Àbámẹ́ta, àwọn ò ní wá."

Ọmọ́wùmí dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. "Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Kò sẹ́ni tó ní irọ́ lo pa."

"Kí wá ni wọ́n ń bínú sí?"

"Òótọ́ náà ni, ọmọ mi," Àǹtí Sherifat wí, ojú tì wọ́n.

Ọmọ́wùmí pe Àtàndá. Ó pè é títí kó tó gbé e. Ó ti múra ohun tó fẹ́ gbọ́ sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Yóò ní, má dá Màmá lóhùn. Yóò ní, ohun tójú ẹ rí ni kẹ́nu ẹ sọ.

"Wùmí," Àtàndá wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "jọ̀ọ́. Kì í ṣe pé kó o pa á rẹ́ pátápátá. Kàn gbé e pamọ́ fúngbà díẹ̀. Tá a bá ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán, tí ọkàn ọ̀gá bá ti rọ̀..."

"O ní o ò ní bẹ̀ mí láéláé."

"Mo mọ̀."

"Ìyá ẹ rán èèyàn wá sílé wa. Wọ́n bi wá léèrè ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n bi wá léèrè òkú wa, Dádì mi tú ìdí ẹ̀gbọ́n wọn síta fún yín! Ìwọ wá ń sọ fún mi pé kí n fi nǹkan pa mọ́? Ta ni ẹ fẹ́ fẹ́ gan-an, Àtàndá? Ẹni tó ń sòótọ́ fún yín nìkan, tó wá ń parọ́ fún gbogbo ayé?"

Ọmọ́wùmí pa fóònù náà.

Bó bá jẹ́ pé ìbínú nìkan ni, ìbá ti sàn. Àmọ́ èjì náà ò kúrò lójú rẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbi tó ti yìn ín lọ́jọ́ kìíní, ó ṣí fídíò náà, ó gbé ìka sókè ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Títẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ta ni yóò mọ̀? Géèmù lásán ni. Ṣé torí kí awakọ̀ Márúwá kan má baà fi dátà ṣòfò ni òun yóò ṣe sọ ọkọ nù? Ó sún ìka náà sílẹ̀. Ó gbé e sókè. Omijé kán sójú fóònù.

"Ṣé òun ló wá yìn ọ́ lọ́tẹ̀ yìí?"

Bàbá rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ́wùmí sọ gbogbo rẹ̀, ó rò pé Bàbá yóò ní, ṣé mo sọ ọ́? Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kó ṣàlàyé ibi tí géèmù náà ti bàjẹ́, torí òun ò mọ géèmù. Ó ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ náà rú Bàbá lójú. "Dúró ná. Èèyàn dé ẹnu ọ̀nà, ó kágò, wọ́n wá yìn ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohùn ẹ̀ ò tíì dé."

"Ó kágò, wọ́n pa á." Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Wọ́n wá ní kí ìwọ má sọ ọ́? Àwọn tí mo sọ ti Adéfúnkẹ́ fún? Mo sọ ti òkú tó sùn, tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, torí pé wọ́n bi mí! Yọ ìka ẹ kúrò níbẹ̀, Ọmọ́wùmí. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní bá ẹ jẹun."

"Dádì, wọn ò ní wá o."

"Kí wọ́n má wá. A ó to àga wa."

Wọ́n to àga. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àbúrò Bàbá ti Ìjanikin dé, wọ́n jókòó sápá ọ̀tún àgbàlá. Apá òsì ṣófo. Àsìkò tó, kò sẹ́nìkan. Àsìkò kọjá. Wọ́n gbé omi kiri, wọ́n tún gbé e kiri. Àbúrò Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Adéníjì wo aago, ó wúkọ́, ó ní nígbà tàwọn, wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin yìnbọn. Nínú yàrá, Ọmọ́wùmí jókòó nínú aṣọ tí Àǹtí Sherifat rán, aṣọ náà ṣe é rẹ́gí, ó sì dà bíi pé ẹ̀gún ni wọ́n fi rán an. Kò sunkún. Ìbínú ti gbẹ omi ojú rẹ̀.

Ẹnu géètì ni ohùn náà ti wá.

"Àgò onílé o."

Bàbá fẹ́ dáhùn, ó wá pa ẹnu dé. Ìyàwó kì í jáde kí wọ́n tó pè é, àmọ́ Ọmọ́wùmí ti jáde, ó ti gba àárín àga kọjá, ó ti dúró nídìí géètì. Kò ṣí i. Láti ojú ihò ó rí funfun aṣọ Àtàndá. Òun nìkan ni.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá kágò." Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo lọ bá Dámilárá, mo yá fóònù ẹ̀. Mo gbá a lánàá títí. Wùmí, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọn ò ti pa mí. Mo pe ọ̀gá, mo ní òótọ́ lo sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo máa yọ. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ Ajé."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ọjọ́ tó o sọ ọ́."

"O mọ̀, o sì ní kí n gbé e pamọ́?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò ní àwáwí."

Inú bí Ọmọ́wùmí, ó di irin géètì mú. Ó fẹ́ kó ní àwáwí, kí òun lè rí nǹkan fọ́. Ó rántí yàrá tó wà nínú ogun, ohùn tó jáde lẹ́nu òkú. Ẹni tó wà níta yìí ti pẹ́ gidi o. Ó pẹ́ ju ohun tó yẹ lọ. Àmọ́ ìbọn ò tíì dún.

"Fídíò yẹn ò kúrò níbẹ̀."

"Kó má kúrò."

"Láéláé."

"Láéláé, Wùmí."

"Ọmọ́wùmí," Bàbá pè láti orí àga, "ọjọ́ ń lọ o. Kí ló dé tí o ò dá ọmọ èèyàn lóhùn?"

Ó mí kanlẹ̀. "Àgò yà."

Ó ṣí géètì. Àtàndá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà látẹnu ọ̀nà, eruku ba aṣọ funfun jẹ́. Nígbà tó dìde, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá wà nínú Márúwá ní kọ̀rọ̀ yẹn, àwọn àti Àǹtí Sherifat àti ìdílé wa. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, ojú ń tì wọ́n. Ṣé kí n lọ pè wọ́n wọlé?"

"Rárá," Ọmọ́wùmí wí. Ó sọ ọ́ sókè kó lè dé kọ̀rọ̀. "Ẹnu wọn ni wọ́n fi rán iṣẹ́. Kí Màmá fi ẹnu wọn kágò."

Adéníjì di orí mú. Wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá Fẹ́yìsetán kan ilẹ̀, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, tó wá dúró níta. Ohùn náà tó nípọn bí àgogo ìsìn jáde tín-ín-rín, bí ohùn ẹni tí kò kágò nílé ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

"Àgò o, ẹ̀yin ará ilé."

Gbogbo ojú yí sí Ọmọ́wùmí. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí Màmá lè mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó kágò tí wọn ò tètè dá lóhùn. Lẹ́yìn náà ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán nínú aṣọ tuntun, ó sì dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn.